Ẹ̀kọ Mímu Nìkan Kò Lè Mú Eegun Ọmọ Le

Àwọn àgbà ní ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi òwe yìí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, nítorí pé lórí eegun àwọn ọmọ wa ni ó dá lé.

Ìyá ẹlẹ́kọ kan wà ní àdúgbò wa. Ọmọ rẹ̀ kẹta, ọkùnrin, ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ó bá dìde dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí ó bá rìn díẹ̀, a jókòó sílẹ̀, a sì máa sunkún pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Kò sí ohun tí àwọn ènìyàn kò sọ. Àwọn kan ní ìyá rẹ̀ ni ó pọ̀n ọ́n jù. Àwọn mìíràn ní ó tètè mú un rìn. Àwọn tí ẹnu wọn kò ní ìjánu tún ní ọwọ́ ayé ni. Ó wá di pé obìnrin náà kò lè gbé ojú sókè láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ ra ẹ̀kọ, ó bi mí pé: "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí tí mo fi bà á jẹ́?"

Mo ní kí ó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Dókítà fi ẹ̀rọ ya àwòrán eegun rẹ̀, ó sì sọ fún un pé kì í ṣe pípọ̀n, kì í ṣe àjẹ́. Ohun kan tí ń jẹ́ kálísíọ̀mù ni kò tó nínú oúnjẹ ọmọ náà. Àìsàn yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní ríkẹ́ẹ̀tì. Kí ni ọmọ náà ń jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú? Ẹ̀kọ ní àárọ̀, ẹ̀kọ ní alẹ́, ẹ̀bà díẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹlẹ́kọ ni ìyá rẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi ń bọ́ ọmọ.

Kí wá ni kálísíọ̀mù? Ní ọdún 1808 ni ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Humphry Davy kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Irin kan ni, ó ń dán bíi fàdákà, ṣùgbọ́n kì í dá wà láyé. Ara nǹkan mìíràn ni ó máa ń lẹ̀ mọ́. Òun ni ó wà nínú èèpo ẹyin, nínú ìkarahun ìgbín, àti nínú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Ìsàlẹ̀ òkun ni Ewékorò nígbà láéláé. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi ni ó kó ara jọ tí ó di òkúta yẹn. Ẹni tí ó bá ń sin adìẹ mọ̀ pé bí kálísíọ̀mù kò bá tó nínú oúnjẹ wọn, ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀ ni wọn yóò máa yé. Bí ó ti rí fún èèpo ẹyin, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún eegun ọmọ ènìyàn.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ohun tí ó kàn yìí yóò yé yín ju bí ó ti yé èmi lọ. Kálísíọ̀mù tí ó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi kílógíráàmù kan. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, 99 wà nínú eegun àti eyín. Ìpín kan tí ó kù wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Òun ni ó ń jẹ́ kí ọkàn lè máa lù, kí iṣan lè fà, kí ẹ̀jẹ̀ sì dì bí a bá fi ọ̀bẹ gé ọwọ́. Eegun dà bí owó tí ó wà ní báńkì. Ti inú ẹ̀jẹ̀ dà bí owó tí a fi ń ná ọjà. Bí owó ọjà kò bá wọlé, ara yóò lọ yọ ti báńkì, nítorí pé ọkàn kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ dúró. Ọmọdé kò tíì ní nǹkan púpọ̀ ní báńkì. Bí a kò bá fi sí i, eegun rẹ̀ yóò rọ̀, ìwúwo ara rẹ̀ yóò sì tẹ̀ ẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé àtijọ́, èéfín àwọn ilé iṣẹ́ ń dí òòrùn lójú. Òòrùn ni ó sì ń ràn ara lọ́wọ́ láti ṣe fítámìnì D, èyí tí ń gba kálísíọ̀mù wọlé láti inú oúnjẹ. Nítorí náà ni ríkẹ́ẹ̀tì ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwa kò ṣe aláìní òòrùn. Kí ni ó wá ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tiwa?

Dókítà Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí èyí ní ìlú Jos, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Ọmọ 123 tí ó ní ríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tọ́jú. Kálísíọ̀mù tí àwọn ọmọ náà ń rí nínú oúnjẹ kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 200 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ní ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò 700. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú 100 àwọn tí wọ́n fún ní fítámìnì D nìkan, bíi 19 ni ara wọn yá dé ibi tí àwọn dókítà ń fẹ́. Nínú 100 àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ̀mù nìkan, 61 ni. Oúnjẹ ni ìṣòro náà, kì í ṣe òòrùn.

Níbo ni a ó ti rí i? Ife mílíìkì kan ní nǹkan bíi 300 nínú. Wàrà àwọn Fúlàní dára. Ewédú dára, lúrú náà dára, yànmọtí kò sì gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó rọrùn jù fún tálákà ni edé àti ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ. Ẹ má yọ eegun rẹ̀ dànù. Inú eegun náà ni ohun tí à ń wá wà. Ẹ lọ̀ ọ́ kúná pẹ̀lú eegun rẹ̀, kí ẹ sì bu ṣíbí kan sínú ẹ̀kọ tàbí ọbẹ̀ ọmọ. Ní 2015, àwọn dókítà kan náà tún fi hàn pé ẹja lílọ̀ wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ó ní ríkẹ́ẹ̀tì sàn.

Ìkìlọ̀ kan nìyí. Ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ sábà máa ń tẹ̀ díẹ̀, a sì máa tọ́ fúnra rẹ̀ bí ó bá ti lé ní ọdún méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń tẹ̀ sí i, bí ọrùn ọwọ́ bá wú, bí ọmọ kò bá tètè rìn, tàbí tí ó ń sunkún ẹsẹ̀, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má ra oògùn kálísíọ̀mù lójú pópó fún un. Àpọ̀jù rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní kíláàsì yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn yòókù máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ pe ìyá rẹ̀, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: ríkẹ́ẹ̀tì tí a bá tètè tọ́jú kì í le bí èyí tí a bá jẹ́ kí ó dàgbà mọ́ ọmọ lára.

Kí n tó kọ èyí, mo lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ. Ó kọ́kọ́ lọ́ra. Ó ní, "Tíṣà, wọn kò ní ra ẹ̀kọ mi mọ́." Mo ní ẹ̀kọ kò jẹ̀bi; dídá tí ó dá wà ni kò dára. Ó ronú díẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tí ń lé ewúrẹ́ kiri lẹ́yìn ilé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ní, "Ẹ kọ ọ́." Ní báyìí, bí ẹ bá dé ìdí igbá rẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ ó rí agolo kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ. Ẹja lílọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yáwó ni ó sì ń bu ú fún àwọn ọmọdé: kò gba kọ́bọ̀ lé e.