Àwọn Erékùṣù Tí Wọ́n Fò Kọjá

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí máàpù lórí fóònù yín. Ẹ wá Jàpáánù, kí ẹ wá Hawaii. Ṣé ẹ rí gbogbo omi tó wà láàárín wọn? Àwọn erékùṣù bíńtín-bíńtín tó fọ́n ká sínú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì nílẹ̀ wa, Bọ́mà làwọn àgbà máa ń dárúkọ, torí ibẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ ogun wa lọ láti bá Jàpáánù jà. Ti orí òkun Pàsífíìkì yìí, inú fíìmù ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ńṣe ni Amẹ́ríkà ń gba erékùṣù lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà Jàpáánù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Jàpáánù kọlu Pearl Harbor lọ́jọ́ 7, oṣù Kejìlá, 1941. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti gba Philippines, Guam àti ọ̀pọ̀ erékùṣù mìíràn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gba ibi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ padà? Ẹ rántí pé ọkọ̀ òfurufú ogun ayé ìgbà yẹn ò lè rìn jìnnà kí epo ẹ̀ tó tán. Torí náà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ọkọ̀ òfurufú lè bà sí gan-an ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ja ìjà oṣù mẹ́fà ní Guadalcanal, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ 1942. Pápá ọkọ̀ òfurufú kan tí Jàpáánù ń kọ́ lọ́wọ́ ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá kan Betio, ní Tarawa, ní oṣù Kọkànlá 1943. Erékùṣù yìí ò gùn tó kìlómítà mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, omi òkun ò ga tó bí wọ́n ṣe retí, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn ò bá lè kọjá lórí àpáta abẹ́ omi. Àwọn ọmọ ogun bọ́ sínú omi, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí etíkun, ìbọn ń dún láti iwájú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà. Ó lé ní 1,000 ọmọ Amẹ́ríkà tó kú. Nínú nǹkan bí 4,700 ọmọ ogun Jàpáánù àtàwọn òṣìṣẹ́ ará Korea tó wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n mú láàyè ò tó 150.

Ẹ wá fi ìyẹn wé Rabaul, tí nǹkan bí 100,000 ọmọ ogun Jàpáánù wà. Kódà kí ogun Betio tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀gá ogun ti pinnu pé àwọn ò ní wọ Rabaul. Wọ́n rọ òjò bọ́ǹbù lé e, wọ́n gba àwọn erékùṣù kan tó yí i ká, wọ́n dí ọ̀nà ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ, wọ́n sì kọjá lọ. Àwọn ọmọ ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dáko. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ogun fi parí ní 1945. Ní Woleai, tí ilẹ̀ oko ò pọ̀, ebi pa ọ̀pọ̀ wọn kú.

Lójú ológun, ọgbọ́n gidi ni. Ó jẹ́ kí Amẹ́ríkà tètè dé Saipan àti Tinian ní 1944, níbi tí ọkọ̀ òfurufú B-29 ti lè gbéra dé Jàpáánù kó sì padà. Tinian ni èyí tó ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima ti gbéra.

Ṣùgbọ́n erékùṣù ní onílẹ̀, fíìmù kì í sì í sábà rántí wọn. Ní 1943, àwọn ọmọ ogun Jàpáánù tó gba Nauru kó 1,200 ọmọ ibẹ̀ lọ sí Truk, wọ́n ń fipá mú wọn ṣiṣẹ́. Amẹ́ríkà ò wọ Nauru, kò sì wọ Truk. Bọ́ǹbù ló ń fi ránṣẹ́ sí méjèèjì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: níbi tí oúnjẹ àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ò ti wọlé mọ́, ta ló máa rántí àlejò tí wọ́n fipá kó wá?

Ọkọ̀ gbé wọn padà sílé ní oṣù Kìíní 1946. 737 ni wọ́n.

Ibẹ̀ ni mo máa dúró sí lónìí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.