Ère Thomas Ọnà: Ṣé Ẹ̀fẹ̀ Ni?

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn amọ̀kòkò Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi amọ̀ mọ ère kéékèèké ti darandaran, wọn a sì kùn ún kí ó máa dán, fún àwọn tí kò da ẹran rí. Thomas Ọnà Odùlátẹ, agbẹ́gilére ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣiṣẹ́ ní Èkó láyé ìjọba amúnisìn, gbẹ́ ère kéékèèké tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń rà á gan-an ló ń gbẹ́. Tàdáwà pupa àti dúdú pẹ̀lú pólíìṣì bàtà funfun ló fi ń kùn wọ́n. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ ni. Ọnà ṣàlàyé fún William Bascom pé bí òun ṣe rí wọn ni òun ṣe gbẹ́ wọn. Mo fara mọ́ ọn: orí ńlá tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ rẹ́rìn-ín náà ni orí ère ìbejì.