Oògùn Ọpọlọ fún Ọ̀dọ́: Ta ni Ó Jàre?



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin bàbá àti ìyá. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún 15, kò sùn mọ́. Ó ń dá sọ̀rọ̀, oúnjẹ àti ilé-ìwé ti sú u. Dókítà ní kí ó máa lo oògùn. Bàbá ní: “A kò ní fi oògùn wèrè ba ayé ọmọ mi jẹ́.” Ìyá ní: “Ṣé kí á máa wò ó títí yóò fi wọ ọjà ni?”

Ẹ̀rù bàbá kì í ṣe asán. Ọpọlọ ọmọ ọdún 15 ṣì ń dàgbà. Oògùn tí ń mú orí balẹ̀ lè mú ọmọ sanra jù, tàbí kí ó máa tòògbé, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa gbọ̀n. Ní 2004, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a kọ ìkìlọ̀ sí ara oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú ọmọ 100 tí ó lò ó, bí 4 ni èrò tàbí ìṣe pípa ara ẹni hàn lára wọn. Nínú 100 tí a fún ní oògùn òfìfo, bí 2 ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó kú.

Ìyá náà ní ẹjọ́. Ní 2004 yìí kan náà, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà wo ọ̀dọ́ 439 tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ara 71 nínú 100 yá láàrin àwọn tí ó gba oògùn pẹ̀lú ìmọ̀ràn. Oògùn nìkan, 61. Ìmọ̀ràn nìkan, 43. Oògùn òfìfo, 35. Oògùn wúlò, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí yóò bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni oògùn orí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ wo wèrè kí òyìnbó tó dé.

Ẹ wo Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa. Kì í ṣe dókítà. Táyà ni ó ń lẹ̀ ní Bouaké tẹ́lẹ̀. Ó rí àwọn aláìsàn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ igi, ó ń tú wọn sílẹ̀, ó ń fún wọn ní oògùn, oúnjẹ àti iṣẹ́. Ẹgbẹ́ Saint Camille tí ó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Bohicon àti ní Djougou; Pira wa sì wà lójú ọ̀nà láàrin méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ra oògùn orí lórí àtẹ ní ọjà. Ẹ bi dókítà léèrè: àìsàn wo ni? Oṣù mélòó ni yóò fi lò ó? Ewu wo ni kí á máa ṣọ́? Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fi ọmọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan. Bí ó bá mẹ́nu kan ikú, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ara rẹ̀ bá yá, ẹ má dá oògùn dúró lójijì láìgba àṣẹ. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀.

Ẹ máa gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, kí ẹ sì fún un ní oògùn rẹ̀ ní àkókò. Bàbá jàre, ìyá náà jàre: kí bàbá máa ṣọ́ ewu oògùn, kí ìyá má jẹ́ kí ìtọ́jú pẹ́, kí àwọn méjèèjì sì jọ mú ọmọ náà lọ rí dókítà.