Kí Ẹ Tó Ra Gáàsì, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Fáànù

Ọkọ̀ gbéra ní Riviera, ó gba orí afárá Henri Konan Bédié tí wọ́n ṣí lóṣù Kejìlá ọdún 2014. Ọ̀nà já gaara, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́, AC sì ń tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn fi ní kí wọ́n rọra dín in kù. Nígbà tí ọkọ̀ yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sí Marcory, tó bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Boulevard VGE, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀nà tún là díẹ̀, òtútù padà. Ọkọ̀ dúró, ooru dé.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló máa ń rí èyí l'Ábíjáǹ, gáàsì ni wọ́n sì máa ń sáré lọ rà. Wọ́n á ki gáàsì, ó lè tutù fún ọjọ́ díẹ̀, ooru á tún padà, owó á ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkọ̀ yìí ń sọ yéni dáadáa. AC tó ń tutù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, tí kì í tutù nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, fáànù iwájú rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko: gáàsì ni wọ́n ń dá lẹ́bi, fáànù ló ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí kò ní ṣòro fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n láti mọ ibi tó ti bàjẹ́. AC kò ní òtútù kankan tó ń rọ́ sínú ọkọ̀. Ooru inú ọkọ̀ ló ń kó síta. Ẹ rántí àmù tí àwọn ìyá wa máa ń gbé sí igun ilé. Omi máa ń sun díẹ̀díẹ̀ sí ara àmù, ó máa ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru lára omi tó kù nínú. Ohun olómi tó bá fẹ́ di afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ooru gbà níbì kan. Gáàsì R134a, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti bí ọdún 1995, kò nílò kó gbóná kó tó hó. Bí wọ́n bá tú u síta, ó ti ń hó ní ìwọ̀n 26 lábẹ́ òdo. Ìyẹn ló fi lè gba ooru lára afẹ́fẹ́ tó tiẹ̀ ti tutù.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fún gáàsì náà pọ̀. Bó bá ti fún pọ̀, ó máa ń gbóná gan-an, ó sì máa ń kọjá sínú kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn pánẹ́ẹ̀lì aláyùúmíníọ̀mù tó wà níwájú rédíétọ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìta ti ń gba ooru lára rẹ̀ tí yóò fi di olómi. Olómi yìí á gba ojú fáàfù tóóró kan kọjá, pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, á wá hó nínú kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Afẹ́fẹ́ tí búlówà ń fẹ́ gba ara kọ́ìlì yìí kọjá ló ń tutù bá wa lójú. Lẹ́yìn náà, gáàsì á padà sọ́dọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Gáàsì kan náà ni yóò máa yípo bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í jóná bí epo, ọkọ̀ kì í jẹ ẹ́. Bó bá dín kù, ó jò ni.

Nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, ibi tí ooru ti ń jáde kúrò nínú ọkọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ojú kọ́ńdẹ́ńsà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń rọ́ gbà á kọjá. Bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù nìkan ló kù tó lè fa afẹ́fẹ́ náà. Bí fáànù kò bá yí, ooru kò rí ibi gbà, gáàsì kò lè di olómi, pírẹ́ṣọ̀ á máa gòkè. Bó bá fẹ́ tó nǹkan bí 30 bar, tó ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó wà nínú táyà lọ, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ á pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kí páìpù má bàa bẹ́. Ìgbà yẹn ni AC máa ń gbóná sí yín lójú.

Ẹ lè yẹ fáànù wò fúnra yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan AC síbi tó tutù jù, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́, ìborùn tàbí etí aṣọ sún mọ́ fáànù, torí ó lè yí nígbàkigbà, kódà nínú àwọn ọkọ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò yẹ kó pẹ́ tí AC ti tàn tí fáànù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí yí.

Bí kò bá yí rárá, fíúsì ni àkọ́kọ́. Bí fíúsì bá dáa, ó kan rìléè. Nínú àpótí fíúsì, rìléè mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti fáànù mu sábà máa ń wà, irú èyí tí fèrè ń lò. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ pààrọ̀ wọn, ẹ tún wò ó. Bí kò bá tún yí, kí rìwáyà yọ wáyà fáànù, kó fún un ní iná tààrà láti inú bátìrì. Bó bá yí, fáànù kò ní ẹ̀bi, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá yí, kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò rẹ̀ ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó ra mọ́tò, ẹ wo ibi tí wáyà ti so mọ́ fáànù dáadáa. Ike rẹ̀ yẹ kó le. Bí ẹ bá rí i pé ó ti pọ́n bíi kó jó, pé apá kan rẹ̀ ti yọ́, tàbí pé irin inú rẹ̀ ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Fáànù ńlá lè fa 20 sí 30 ampere, irin tí kò bá ara wọn pàdé dáadáa á sì máa gbóná títí tí yóò fi jó. Atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun kì í jẹ́ kí irú irin bẹ́ẹ̀ sinmi, pàápàá fún ọkọ̀ tó ń sùn ní Port-Bouët tàbí Vridi.

Àwọn fáànù kan wà tó ń yí ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìyára méjì: èyí tó rọra fún AC, àti èyí tó le fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bí resistor tó ń dín iná kù bá jó, ìyára kékeré á sọnù, fáànù kò sì ní yí títí ẹ́ńjìnnì yóò fi fẹ́ hó. Òmíràn ń yí sẹ́yìn, torí ẹni tó fi àlòkù sí i ti so wáyà rẹ̀ lódì. Ẹ mú abala ìwé kan, ẹ gbé e sí ojú kọ́ńdẹ́ńsà láti iwájú ọkọ̀. Bí fáànù bá ń fà bó ṣe yẹ, ìwé náà á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ láìjábọ́. Bó bá ń fẹ́ ẹ dànù, tàbí tí ìwé bá yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bí fáànù bá fà dáadáa tí ooru kò tún lọ, ẹ wo àárín kọ́ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀. Ẹrẹ̀ ìgbà òjò, kòkòrò, àjákù ọ̀rá àti eruku ọyẹ́ máa ń di ibẹ̀ pa. Omi tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára lè tẹ àwọn abẹ́ tín-ín-rín ara rẹ̀ wọlé. Ọ̀nà kan tún wà tó tètè ń yanjú iyèméjì: nígbà tí ọkọ̀ dúró tí AC sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ rọra wọ́n omi sí ojú kọ́ńdẹ́ńsà nìkan. Bí òtútù bá padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kò tó níwájú. Gáàsì kọ́.

Ẹlẹ́rìí mìíràn wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, gééjì ooru ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù kan náà ló ń fẹ́ kọ́ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀. Bí gééjì bá ń gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá là, ẹ pa AC, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan híítà sí ibi tó gbóná jù pẹ̀lú búlówà. Yóò ni yín lára, ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnnì ni híítà ń kó jáde. Bí gééjì kò bá dúró, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ pa á. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Pírẹ́ṣọ̀ abẹ́ ìdérí yẹn ni kò jẹ́ kí omi tó ti kọjá ìwọ̀n 100 hó; bí ẹ bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan, á sì bó èèyàn lójú. Ẹ má sì sọ pé a ò ní yìnyín l'Ábíjáǹ, kí ẹ wá máa bu omi ẹ̀rọ sí i. Coolant tó yẹ kó wà nínú rédíétọ̀ kì í jẹ́ kí irin inú ẹ́ńjìnnì dógùn-ún, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó.

Ọ̀rọ̀ fáànù yìí kan àwọn èèyàn wa tó ń wakọ̀ láti Treichville lọ ṣọdún ní Èjìgbò gan-an. Bodè Noé, Aflao, Hillacondji àti Sèmè wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ á sì tò síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò fáànù yẹ kó ṣáájú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀.

Ó lè jẹ́ gáàsì lóòótọ́. Àmì tirẹ̀ yàtọ̀: AC kì í tutù dáadáa kódà nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á máa mú á máa jù ú sílẹ̀ léraléra, òróró á sì máa yọ níbi oríkèé páìpù, torí òróró kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì rìn. Kí oníṣẹ́ AC wá ojú ibi tó ti jò, kó tún un ṣe, kó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì sí i. Iye gíráàmù tí ọkọ̀ ń gbà wà lórí lébẹ́ẹ̀lì abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Gáàsì tó pọ̀ jù a máa gbé pírẹ́ṣọ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí fáànù tó kú ṣe ń gbé e sókè. Ẹni tó bá ń ki gáàsì sínú ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ kò yí, àìsàn ló ń fi kún àìsàn.

Lébẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń sọ irú gáàsì tó yẹ. Òfin tí ìjọba Côte d'Ivoire ṣe lóṣù Kejìlá ọdún 2017 kò gbà kí àlòkù ọkọ̀ ara ẹni tó bá ti ju ọdún 5 lọ wọlé mọ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de R134a nínú ọkọ̀ tuntun, torí ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná bíi kílò 1,430 carbon dioxide. Nítorí náà, gáàsì mìíràn, R-1234yf, ló wà nínú ọ̀pọ̀ àlòkù ọkọ̀ tí à ń pè ní "France au revoir" tó ń bọ̀ láti Yúróòpù báyìí. Ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì lè gbiná. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da R134a lù ú.

Ẹ má dá AC lẹ́bi fún omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Etí ọ̀sà là ń gbé, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ìlú yìí pọ̀, apá ńlá nínú iṣẹ́ AC sì ni fífún omi náà jáde. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po, ẹ̀rọ kò ní máa fún ọ̀rinrin tuntun ní gbogbo ìgbà, yóò sì tètè tutù. Ìgbà tí omi bá kán sórí ẹní ẹsẹ̀ èrò iwájú ni kí ẹ wá ẹnìkan tí yóò la ihò tó ń da omi nù.

Bí ẹ bá wá dé gáráàjì, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo fáànù kí ẹ tó so páìpù gáàsì." Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i. Bó bá yẹ̀ ẹ́ wò tó sì ní gáàsì ló tán, ẹ bi í pé ibo ló ti jò. Bí kò bá lè fi ọwọ́ kan ojú ibẹ̀ hàn yín, kò tíì yẹ kí ẹ san owó gáàsì.