Ọjọ́ Orí Ìyá Àgbà ní Etíkun Ìlàjẹ

Bí ìyá àgbà bá kú tí àwọn ọmọ fẹ́ tẹ àlámànàkì ìrántí, àwòrán kì í dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń fara mọ́ èyí tí gèlè rẹ̀ ga jù. Ìlà kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ló ń dá ìjà sílẹ̀: ọdún wo ni wọ́n bí i? Àkọ́bí ní màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún, àbígbẹ̀yìn ní kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tí wọ́n bí sí abúlé ẹ̀bá omi láàárín Ugbò, Màhìn àti Àwóyè láyé àwọn òyìnbó kì í sábà ní ìwé ìbí. Inú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ kó tó kú la ti ń wá a.

Ayétòrò la máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó sétí òkun, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe inúnibíni sí wọn nítorí ẹ̀sìn. Láyé ìgbà náà, àpò kan náà ni owó gbogbo wọn ń wọ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣòwò fún ara rẹ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè má di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin tó ń ta ẹja. Bí ìyá bá ní oyún àkọ́bí wà nínú òun nígbà náà, a lè fi í sí nǹkan bí 1927. Bó bá ní òun ò tíì máa ró aṣọ, 1942 ló sún mọ́.

Ìwé ọ̀fẹ́ tún ńkọ́? Oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá kan etí kejì ni wọ́n ń gbà, ìyẹn ọmọ bí ọdún mẹ́fà. Ẹni tí àkọ́bí rẹ̀ bá wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ti bímọ ní nǹkan bí 1949. Kí a wá yọ ọdún tó lò kó tó lọ́kọ kúrò.

Àwọn oníṣòwò ọjà Igbókọ̀dá kì í gbàgbé ọjọ́ kìíní ọdún 1973, tí pọ́n-ùn di náírà méjì, tí ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi oṣù kẹrin 1972 yọ ìyá Ìlàjẹ lẹ́nu, ìgbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún. Kí ló kan ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti iṣẹ́ ọwọ́. “Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá púpurú ṣe, màmá?” sàn ju “Ọmọ ọdún mélòó ni yín?” lọ. Rírẹ gbágùúdá fún ọjọ́ mélòó kan, kí a yọ fọ́nrán inú rẹ̀, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a mọ ọ́n róbótó, kí a gbé e sókè iná títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú, kí a wá ha dúdú náà kúrò kí a tó gún un, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bó bá rántí ẹni tó kọ́ ọ, tó sì rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́dún náà, ọ̀nà ti là. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú, torí àgbà méjì kì í jẹ́ kí ara wọn sọ àsọdùn.

Kí a má sì dúró de òkúta ibojì. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, kò sì dá itẹ́ òkú sí. Àlámànàkì tó bá wà lára ògiri àwọn ọmọ-ọmọ ní Bàrígà tàbí Mákòókò l'Ékòó lè pẹ́ ju sìmẹ́ńtì etíkun lọ, nítorí náà kí a tẹ̀ ẹ́ kárí.

Bí ìṣirò kò bá bára mu, “nǹkan bí 1931” kò tini lójú. Kí a kìlọ̀ fún atẹ̀wé kó má fi ọjọ́ kìíní oṣù kìn-ín-ní dí àyè náà, kó sì má gbàgbé orúkọ abúlé tí wọ́n bí màmá sí.