Kí Ló Dé Tí Nọ́ńbà NIN Kì Í Jáde Lójú Ẹsẹ̀?

Ẹni tó bá kúrò ní Ọ̀tan Ayégbajú lọ forúkọ sílẹ̀ fún NIN á rí i pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìwé pélébé kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ náà ò tíì sí níbẹ̀. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, wọ́n á tún lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn. Àṣìṣe ńlá nìyẹn.

Àjọ NIMC, tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀, gbọ́dọ̀ fi ìtẹ̀ka ẹni tuntun wé ti àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹnì kan má baà ní nọ́ńbà méjì. Kí ọdún 2023 tó parí, àwọn tó ti gba NIN ti lé ní mílíọ̀nù 100. Iṣẹ́ tó pọ̀ tó yẹn kì í ṣe èyí téèyàn ń dúró dè níwájú ẹ̀rọ.

Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá wa lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀nba àlejò ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí iṣẹ́ ẹnì kan bá pẹ́ jù, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ sáfà fi máa ń gé iṣẹ́ tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí 60.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń lọ ata lọ́jọ́ ọjà. Ìyá kan á gbé abọ́ rẹ̀ sórí ìlà, á sì bá tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran. Kó tó dé, ata ti kúná. Bí sáfà náà ṣe ń ṣe nìyẹn: á gba iṣẹ́ yín, á fún yín ní nọ́ńbà, á sì tò ó sórí ìlà. Ètò mìíràn tó wà lẹ́yìn ló máa ń mú wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, tí ojú ìwé bá ṣì ń yí, tí nọ́ńbà ò tíì jáde, ẹ má pa á dé o. Iṣẹ́ náà lè má tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ tí nọ́ńbà bá ti jáde, ẹ lè pa fóònù yín, kódà kí iná lọ, iṣẹ́ ń lọ lẹ́yìn. Ẹ má tún bọ́tìnì tẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lè ti gbé abọ́ méjì sórí ìlà. Tó bá jẹ́ pé owó ló ń san, wọ́n lè yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti NIN, òfin ò gbà kéèyàn forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ tọ́jú ìwé pélébé yẹn dáadáa. Òun lẹ máa fi béèrè abọ́ yín.