Ìlu kì í ṣe ìlù, kì í sì í ṣe ìlú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Bí orúkọ irinṣẹ́ bá wá sọnù lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́, kí ni a óò fi wá a?

Ìlu ni irinṣẹ́ tí à ń sọ. Dò re ni ohùn rẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ní èèkù ni, òun la fi ń dá igi, awọ tàbí igbá lu. Àwọn tó ń rán bàtà kò lè ṣe láìsí i, nítorí ihò ni okùn ń gbà kọjá. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì l'Ọ́tà. Àwọn agbẹ́gilére Àwórì ibẹ̀ ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹni tó bá sì wo etí ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ irú ère bẹ́ẹ̀ yóò rí ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń so aṣọ mọ́ ọn.

Níbo ni orúkọ náà ti wá? Ara ọ̀rọ̀ ìṣe "lu" ni, èyí tó túmọ̀ sí kí nǹkan ní ihò tó já sí òdì kejì. A fi "ì" ṣíwájú rẹ̀, ó di ìlu. Bákan náà ni "lù" ṣe di ìlù tí onílù ń lù, òun náà ló wà nínú òòlù. Òòlù la fi ń lu ìṣó, ìlu la fi ń dá pákó lu. Ti kànga yàtọ̀: gbígbẹ́ là ń gbẹ́ ẹ, a kì í lu ú, nítorí kì í já sí òdì kejì.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ti díjú. Bí "lù" bá ṣíwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, ohùn rẹ̀ á di re. Ẹni tó bá ní "mo lu pákó", ṣé ó nà án ni àbí ó dá ihò sí i? Ẹni tó bá ní "mo dá pákó lu" kò da ẹnikẹ́ni láàmú.

Lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àti ti wẹ́dà ní Ṣàngó-Ọ̀tà, dírílì lorúkọ tó gbòde. Kò burú, ẹ̀rọ oníná bá orúkọ rẹ̀ wá. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ilé ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbọ́ ìlu, níbi tí olùkọ́ ti ń fi ìlú, ìlù àti ìlu kọ́ wọn ní àmì ohùn. Wọ́n mọ ohùn rẹ̀, wọn kò mọ ojú rẹ̀.

Láti ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe l'Ékòó ní 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni àwọn àgbà ti ń ṣe làálàá lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ mú ìlu wọ kíláàsì, kí ọ̀gá sì fi orúkọ rẹ̀ kọ́ ọmọọṣẹ́. Kí àwa oníwèé ìròyìn náà má sì fi àmì ṣahun. Bí a bá kọ ọ́ lásán pé káfíńtà ra "ilu", àwọn kan á ní ó fẹ́ lọ ṣeré, àwọn mìíràn á máa béèrè iye tí wọ́n ń ta odidi ìlú.